Àfòpiná Ara Igi Ìrá

Gbogbo ẹni tí mo bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí fún ló máa ń já lu ọ̀rọ̀ mi, pé àfòpiná tó lóun ó pa fìtílà, ara rẹ̀ ni yóò pa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi òwe yẹn sápò. Àfòpiná tí mò ń sọ yìí ò pa fìtílà ẹnikẹ́ni. Òwúrọ̀ ni mo bá a, ó fara mọ́ ògiri ẹ̀yìn ilé ìdáná wa ní Ìlọrin, kò ṣe ẹnì kankan ní nǹkan kan. Èmi ni mo ṣe é.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Ọdún kejì ni, tàbí ìkẹta, lẹ́yìn tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ tiwa sílẹ̀. Ogun abẹ́lé ṣì ń jà lápá ìlà-oòrùn, ṣùgbọ́n inú rédíò nìkan la ti ń gbọ́ ọ lọ́dọ̀ tiwa. Yàrá ìyá bàbá mi ni mò ń sùn. Ìyá ni gbogbo agbo ilé ń pè é, àtọmọdé àtàgbà. Iṣẹ́ tó ń ṣe, kò ju ẹni mẹ́ta lọ tó ṣì ń ṣe é ní gbogbo àdúgbò wa nígbà náà. Ó ń ran òwú sányán.

Ẹ̀yin tó jẹ́ pé ọrùn olówó nìkan lẹ ti ń rí sányán, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe ń débẹ̀. Kòkòrò oníirun kan wà tó ń jẹ ewé igi ìrá nínú igbó. Bí wọ́n bá jẹun yó tán, ọ̀pọ̀ wọn á kóra jọ, wọ́n á fi itọ́ ẹnu wọn kọ́ ilé kan ṣoṣo sára ẹ̀ka, ilé aláwọ̀ ilẹ̀ tó tóbi tó ìkúùkù, nígbà mìíràn tó orí ọmọ, wọ́n á sì sùn sínú rẹ̀. Ilé yẹn ni wọ́n ń já wá fún Ìyá. Á sè é nínú omi eérú, á fọ̀ ọ́ títí, á yọ òkú kòkòrò inú rẹ̀ dànù, á sá a sóòrùn, á wá jókòó ti kẹ̀kẹ́ ìrànwú rẹ̀. Iṣẹ́ náà ń yún ni lọ́wọ́ bíi yèrèpè. Nítorí ẹ̀ ni ìkòkò òrí kékeré kan kì í fi í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá ran òwú díẹ̀, á fi òrí pa ọwọ́, á tún máa bá a lọ.

Ẹ kíyè sí i pé a kì í jẹ́ kí ohun tó wà nínú ilé yẹn jáde. Bó bá jáde, ó ti lu ilé jálé, ó ti ba òwú jẹ́. Nítorí náà, Ìyá mọ kòkòrò sányán, ó mọ ilé rẹ̀, ó mọ òwú rẹ̀ nínú òkùnkùn, ṣùgbọ́n kò rí ìyá tó bí i rí. Nínú gbogbo àwọn tó ń ran òwú yẹn, àti àwọn ahunṣọ tó ń fi í hun òfì, n ò rí ẹni tó sọ fún mi rí pé òun mọ ohun tí kòkòrò náà máa ń dà nígbẹ̀yìn. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?

Ọjọ́ tí mo wọ ilé kéwú ni Ìyá ti ṣèlérí fún mi níwájú gbogbo ilé. Ó ní lọ́jọ́ wòlímọ́tù mi, ọjọ́ tí mo bá parí Kùránì tí gbogbo ẹbí yóò pé jọ, ìró sányán tí òun fọwọ́ ara òun ran ni n ó ró jókòó níwájú àwọn àfáà. Ó ní bí Ọlọ́hun bá tètè gba ẹ̀mí òun, kí wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ òwú náà fún mi. Abẹ́ ibùsùn rẹ̀ ni apẹ̀rẹ̀ ọ̀hún wà, ó ní ọmọrí, ó fi aṣọ funfun bò ó. Òwú mìíràn tó bá ran, títà ni. Ti inú apẹ̀rẹ̀, kò jẹ́ kẹ́nì kankan fọwọ́ kàn án. Nígbà tí mo fi pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, òwú náà ti ju ìdajì ohun tí ìró kan ń gbà lọ díẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀.

Ohun tó dá a dúró ni pé ilé kòkòrò ò wá mọ́. Ìyá Fúlàní kan ló ń kó o wá láti ọ̀nà Malete, á gbé igbá wàrà lérí, á so àpò ilé sányán mọ́ ẹ̀yìn bí ọmọ. Ó wá lọ́jọ́ kan pẹ̀lú wàrà nìkan. Ìyá bi í léèrè, ó ní wọ́n ti gé gbogbo igi ìrá tó wà níhà ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ti gbin àgbàdo síbẹ̀. Ìyá ra wàrà rẹ̀, ó ṣàdúà fún un. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò gbé kẹ̀kẹ́ ìrànwú.

Àwa náà ní igi ìrá kan ní ẹ̀yìn ilé ìdáná. Ìyá ló gbìn ín, nítorí èèpo rẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe àgbo èfù fún ẹnu ọmọ ìkókó. Kòkòrò sányán kan ò kọ́lé síbẹ̀ rí. Ìyá máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé igi tòun yàgàn.

Ẹ jẹ́ n sọ ti bàbá mi. Aránṣọ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nítòsí Ọ̀fà Garage. Àpótí pákó méjì wà ní yàrá rẹ̀ tó kún fún aṣọ oníbàárà. Kò burú rárá, ṣùgbọ́n kò rí ohun tí ọmọbìnrin fẹ́ fi ìwé ṣe ju kó lè ka lẹ́tà lọ. Ìyá ló bẹ̀ ẹ́, ló kúnlẹ̀ fún ọmọ tó bí nínú, kó tó jẹ́ kí n wọ ilé-ìwé. Àdéhùn wọn ni pé bí mo bá ṣe Púrámárì Síìsì tán, ó parí. Èmi wà ní Fáìfù lọ́dún náà, àdéhùn yẹn sì ń jẹ mí lọ́kàn ju ogun inú rédíò lọ.

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni àfòpiná náà wá. Mẹ́rin ni mo kọ́kọ́ rí lára ògiri, wọ́n funfun bíi wàrà tó ti fẹ́ pọ́n, ilà aláwọ̀ ilẹ̀ méjì là wọ́n níyẹ̀ẹ́ kọjá, ara wọn ki pọ̀pọ̀, wọ́n ní irun. Ní ìdí àwọn kan, ìrù irun pípọ́n kan wà níbẹ̀, ó ki bí ìdì òwú. Mo mú ọ̀kan. Kí n tó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọwọ́ ti ń yún mi.

Ìyá gbà á lọ́wọ́ mi. Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi àtàǹpàkò pa ìdí rẹ̀, ó tún un pa. Ó ní, "Ara yìí o. Ara yìí ò ṣàjèjì sí mi."

Bàbá mi ń múra lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ló bá rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ó ku kòkòrò tí ẹ̀ ń bá ṣe ìbátan." Ó yíjú sí mi. "Alákọ̀wé, ẹ̀yin náà ń kọ́, ẹ̀ ń kọ́. Lọ bi ìwé yín wò. Bó bá mọ orúkọ ohun tó wà lára ògiri mi, n ó mọ̀ pé owó mi ò ṣègbé. Bí ò bá mọ̀ ọ́n..." Kò parí rẹ̀. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Kò mú ọ̀rọ̀ náà le rárá, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ báyìí. Eré ni. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọ ọdún mọ́kànlá léèrè bóyá eré ni.

Mo wá páálí ìṣáná láti kó àfòpiná náà sí, kò gbà á. Inú agolo mílíìkì ni mo gbé e lọ sí ilé-ìwé. Tíṣà wa, ọmọ Ọ̀mù-Àrán kan tó lójú àánú, ní ìwé kòkòrò kan tí òyìnbó ṣe, inú kọ́bọ́ọ̀dù ló máa ń tì í mọ́. Ó yọ ọ́ fún mi ní àkókò ìsinmi, ó ní kí n wá a fúnra mi, pé bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn ṣe ń kọ́ nǹkan. Ó jókòó síbi tó ti ń máàkì iṣẹ́ wa.

Ìwé náà ò ní àwọ̀, dúdú àti funfun ni gbogbo àwòrán inú rẹ̀. Mo ṣí i, mo ṣí i, ojú mi ń wo ọwọ́ agogo. Mo dé ojú ewé kan. Àwòrán àfòpiná kan gba ìdajì rẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ tẹ́ rẹrẹ, ara rẹ̀ ní irun. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kòkòrò tí ń jẹ aṣọ ni. Aṣọ! Bàbá mi aránṣọ! Bí mo bá ṣe àdúà fún un pàápàá, kò lè bá a mu tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wínníwínní kan wà nísàlẹ̀. Mo kà á. Ó ní wọ́n mú kí àwòrán náà tóbi kí ènìyàn lè rí i dáadáa, pé kòkòrò náà gan-an kò ju hóró ìrẹsì lọ.

Mo rí i. Ohun tí mo ń bọ̀ wá sọ nìyẹn láti òkè, ẹ má sọ pé n ò sọ. Mo rí i, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ yé mi, agolo mílíìkì sì wà lọ́wọ́ mi. Mo sọ fún ara mi pé ti ìlú òyìnbó ló kéré bẹ́ẹ̀, ebi ń pa á nínú òtútù. Tiwa ti jẹ òkà yó. Mo fi àtàǹpàkò bo ìlà náà. Tíṣà gbójú sókè, ó ní, "Ṣé o rí i?" Mo ní, "Mo rí i, sà." Ó ní, "O káre láé." Mo ti ìwé náà dé.

Lẹ́yìn Àlásàrì, bàbá mi ti dé láti ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sórí ẹní rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá wà lọ́ọ̀ọ́kán rẹ̀, ó ń ran òwú lásán, òwú inú oko tí gbogbo ayé ń ran. Mo dúró láàárín wọn, mo kó ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni fẹ́ ké àkọ́sórí. Mo ní, "Bàbá, ìwé ti sọ ọ́. Kòkòrò tí ń jẹ aṣọ ni. Ó máa ń yé ẹyin, ọmọ rẹ̀ á máa jẹ aṣọ nínú àpótí."

"Láìláà!" Bàbá mi dìde dúró. "Aṣọ oníbàárà! Agbádá ọkùnrin yẹn tí n ò tíì gbà ju àsansílẹ̀ lọ!"

Ìyá ò gbéra. Ó na ọwọ́, mo fi àfòpiná náà, tó ti kú sínú agolo, lé e lọ́wọ́. Ó tún fi àtàǹpàkò pa ìdí rẹ̀ bó ti ṣe ní òwúrọ̀. Ó ní, "Ṣé ó dá ìwé lójú?"

Mo ní, "Ó dá a lójú, Ìyá."

Bàbá mi wo ìyá rẹ̀. "Ẹ̀yin ńkọ́, Ìyá? Ẹ fẹ́ sọ nǹkan ni?"

Ìyá wò ó, ó wò mí. Ó ní, "Rárá o. Ta ni mí tí n ó bá ìwé jiyàn?"

Bàbá mi pàtẹ́wọ́. "Ẹ rí i? Wálláhì, ilé-ìwé yìí wúlò. Ọmọ yìí ì bá má lọ, aṣọ mi ti tán. Ó máa lọ sí èyí tó tẹ̀lé e, ẹnì kankan ò gbọdọ̀ bá mi jà sí i." Ó ń rẹ́rìn-ín bó ti ń sọ ọ́. N ò rí i kó fi mí yangàn bẹ́ẹ̀ rí, inú mi sì dùn débi pé mo gbàgbé hóró ìrẹsì.

A jáde lọ sẹ́yìn ilé ìdáná. Mo fi ìgbálẹ̀ gbá àwọn tó wà lára ògiri, mo tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Bàbá mi ló rí ẹyin wọn, abẹ́ ewé igi ìrá ni wọ́n wà, irun pípọ́n bò wọ́n bí ẹni fi òwú bo ọmọ tuntun. Ó gé gbogbo ẹ̀ka tó bá rí nǹkan bẹ́ẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Èmi ni mo ń kó wọn jọ, èmi ni mo fi ọwọ́ fá èyí tó bọ́ sílẹ̀. A da kẹrosíìnì sí i, a ṣáná sí i. Ìyá ò jáde wá wò ó.

Nígbà tí mo wọlé, ọwọ́ ń yún mi dé ìgbọ̀nwọ́. Ìyá sún ìkòkò òrí rẹ̀ síwájú mi. Ìkòkò òrí sányán.

"Ó ń yún?"

"Ó ń yún, Ìyá."

"Á lọ."

Wọn ò padà wá mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún kejì, mo rí i tí Ìyá ń lọ sẹ́yìn ilé ìdáná ní àràárọ̀, tó ń wo abẹ́ ewé. Mo rò pé ó ń ṣọ́ aṣọ bàbá mi ni.

Mo lọ sí ilé-ìwé tó tẹ̀lé e, mo sì wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Mo parí Kùránì mi lóòótọ́, wọ́n sì ṣe wòlímọ́tù fún mi. Òwú inú apẹ̀rẹ̀ ò tó ìró. Ìyá gbé e lọ fún ahunṣọ, ó ní kó hun ìwọ̀n tó bá tó, ìpèlé ló tó, ìpèlé tóóró kan. Léèsì ni bàbá mi rán fún mi, léèsì olówó ńlá, ó jókòó tì í fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo fi ìpèlé sányán lé èjìká. Nígbà tí mo jókòó láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi tí aṣọ wọn ń dán, mo rí i bí tèmi ṣe pọ́n bí ẹrẹ̀. Mo ká a kúrò, mo jókòó lé e lórí. Ìyá wà ní apá àwọn àgbà obìnrin, bóyá ó rí mi, bóyá kò rí mi, n ò mọ̀. N kò bi í.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n kó wa láti kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ wo ọ́fíìsì kan tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ igbó. Àpótí onígíláàsì kan wà lára ògiri níbẹ̀, wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún kòkòrò mọ́ inú rẹ̀. Mo ń bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbójú sókè. Mo rí i. Funfun bíi wàrà, ilà aláwọ̀ ilẹ̀ méjì, ìrù irun pípọ́n. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n gbé ilé kan tí wọ́n là sí méjì, bí Ìyá ṣe máa ń là á gan-an. Mo ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní ìyá kòkòrò sányán ni. Wọ́n ní ara igi ìrá ló máa ń yé ẹyin sí, ó sì máa ń fi irun ìdí ara rẹ̀ bo ẹyin náà.

Ọkùnrin tó ń mú wa káàkiri ní, "Ṣé o mọ̀ ọ́n ni?"

Mo ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti sun ún rí." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Òwú ìró mi ló wá bá wa nílé fúnra rẹ̀. Kò jẹ́ kí Ìyá rin ẹsẹ̀ kan. Ó wá sára igi tí Ìyá fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn, èmi ni mo da kẹrosíìnì sí i. Gbogbo àgbà pé, wọn ò rí oògùn àbámọ̀ ṣe. Bí wọ́n bá rí i ṣe, ó dá mi lójú pé ó korò ju jogbo lọ, ǹ bá sì mu ún ní àmutẹ́rùn.

Mo wọ mọ́tò wálé ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀ẹ̀rùn tó ṣáájú ikú Ìyá ni. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń ran òwú. Bàbá mi ò sí nílé. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, mo ní, "Ìyá, ẹ rántí kòkòrò ara igi ìrá?"

Ó ní, "Èyí tí ń jẹ aṣọ?" Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín.

"Kì í jẹ aṣọ, Ìyá. Òun ló ń bí kòkòrò sányán."

Kẹ̀kẹ́ ìrànwú ò dúró. Ó ní, "Mo mọ̀."

Mo rò pé n ò gbọ́ dáadáa. "Ẹ mọ̀? Láti ìgbà wo?"

"Láti òwúrọ̀ tí o mú un wá. Bó ṣe yún ọ lọ́wọ́ ni mo fura. Nígbà tí mo wá fọwọ́ kan ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó parí. Ọwọ́ mi ò lè ṣì í mọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀?" Mo bú sẹ́kún. "Ìró yẹn, Ìyá! Gbogbo ọdún tí ẹ fi rànwú!"

Ó dá kẹ̀kẹ́ dúró nígbà yẹn. "Bàbá rẹ jókòó níbẹ̀. Bí mo bá ní ìwé purọ́, kí ni ì bá sọ? Ì bá ní ṣé ẹ rí i báyìí, ìyá tí ò mọ álífù nínú ìwé òyìnbó ló mọ̀ ju ìwé lọ. Ì bá mú ọ jókòó sílé. Kò sí bí n ó ṣe tún kúnlẹ̀ tí ì bá gbà." Ó wá ọwọ́ mi kàn títí ó fi rí i. "Má sunkún mọ́. Ìwé òyìnbó ni, níbo ló ti fẹ́ mọ igi ìrá wa? Kò jẹ̀bi. Ìwọ náà ò jẹ̀bi. Ohun tí o bá níbẹ̀ ni o ṣáà kà."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Hóró ìrẹsì. Gbólóhùn kan péré. A dá wà, ilé dákẹ́, òun ló sì ṣí ilẹ̀kùn fún mi.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni mo kà."

Ó bu òrí nínú ìkòkò, ó fi pa ọwọ́ mi méjèèjì dé ìgbọ̀nwọ́.